Àròpọ̀ Ìdùnnú Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé

Nígbà tí ọdún 1987 fi wọlé, kò sí agbo ilé kan ní Àkúrẹ́ tí wọn ò ti ń sọ̀rọ̀ gàrí. Wàrà alágolo di ohun tí ìyàwó ilé ń tì mọ́ inú àpótí aṣọ. Àwọn tíṣà ń fẹsẹ̀ rin láti Ìsìkàn dé ibi iṣẹ́, àwọn tó ní mọ́tò sì ti gbé e sórí òkúta, wọ́n ń nù ún lọ́jọ́ Sátidé kó má baà gbàgbé wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, ọkùnrin kan wà ní sẹkitéríàtì tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, tí ọrùn rẹ̀ ń nípọn sí i, tó sì dá a lójú pé òun gan-an ni Ọlọ́run fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ìyà ń jẹ. Lawrence Akínbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, Alábòójútó Àgbà fún Ìgbáyégbádùn Àwọn Ará Ìlú.

Ẹ má gbàgbé "Àgbà" yẹn o. Akọ̀wé kan gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oṣù kan gbáko ló fi ń to fáìlì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Láràárọ̀, kí ọ̀gá tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó kéré jù níwájú, ẹni tó ga jù lẹ́yìn. Bó bá ti ń kọjá, olúkúlùkù á dárúkọ ohun dáadáa kan tó rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ lè yin bàtà, ẹni kejì lè yin táì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún ohun tí ẹlòmíràn ti sọ sọ. Ẹ wá ro bí ara ẹni kejìlélógún á ti rí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti yin gbogbo ara ọ̀gá tán láti orí dé èékánná, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ ní òjìji ọ̀gá gùn ju ti àná lọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé tábìlì Adébáyọ̀ wọ yàrá ọ̀gá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni ìjọba rán Akínbọ̀wálé lọ sí òkè òkun fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lórí bí a ṣe ń pín ohun díẹ̀ fún èèyàn púpọ̀. Ó fi mẹ́rin sùn nínú kíláàsì, ó fi ọ̀kan ra aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ ọ́ lára. Olùkọ́ wọn ń ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé ohun tó dára jù láyé ni kí á ro ìdùnnú gbogbo èèyàn pọ̀, kí àròpọ̀ náà sì máa ga sí i. Olùkọ́ náà wá fi wákàtí méjì sọ ohun tó burú nínú èrò yẹn. Akínbọ̀wálé kò gbọ́ apá ìyẹn. Ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí yóò bá àwọn ará ilé sọ.

Nílùú Oǹdó, lójú ọ̀nà tó jáde sí Àkúrẹ́, ìjọba ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìtura Àwọn Àgbà. Ogún arúgbó tí kò lẹ́ni ló ń gbé níbẹ̀. Kálukú ní ibùsùn tirẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹyin lọ́jọ́ Sunday, wọ́n sì ń gba atẹ́gùn lábẹ́ igi máńgòrò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mátírọ́nù wọn ni Màríámù, ọmọ àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti mọ eékún tó ń dùn ún láti inú ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Akínbọ̀wálé ṣì wà lókè òkun, obìnrin arúgbó kan wá jókòó sẹ́nu géètì wọn. Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é, ará Ọ̀yọ́ tó ti ta òwú ìránṣọ ní Oǹdó fún ogójì ọdún. Ilé tó ń gbé ti wó. Màríámù sọ fún un pé ibùsùn ti kún. Àmọ̀kẹ́ ní òun gbọ́, pé òun kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, ó sì sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Tíṣà, ọ̀kan nínú ogún àgbà náà, jáde sí i. Wúràọlá lorúkọ Ìyá Tíṣà gan-an. Ó ti kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tí àwọn tó kọ́ fi bímọ tó tún kọ́. Ó wo Àmọ̀kẹ́ láti òkè délẹ̀, ó ní ibùsùn òun fẹ̀ ju ìdí òun lọ, kó máa bọ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sùn pọ̀, tí Wúràọlá sì ń ráhùn láràárọ̀ pé Àmọ̀kẹ́ ń hanrun.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn mẹ́rin wà ní géètì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n di mọ́kànlá. Àwọn tó wà nínú ilé bá jókòó lábẹ́ igi láti gbìmọ̀. Baba Bísọ́dún, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bá ìjọba yẹ kòkó wò ní sítọ́ọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ní àánú dáa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn mọ ibi tí àwọn máa dúró sí.

"Ibo?" ni Wúràọlá bi í. "Ṣé ibi tí ẹ̀yin ti wọlé tán ni ká dúró sí?"

Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, àwọn kan tilẹ̀ bínú. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò pé àwọn á gba ẹni mẹ́wàá, tí Àmọ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kálukú á sì máa jẹ ìlàjì ẹyin. Kì í ṣe pé mẹ́wàá tọ̀nà ju mọ́kànlá lọ. Àwo tó wà ní kíṣìnì ló mọ bẹ́ẹ̀. Ó ku àwọn méjì ní géètì, Màríámù ló sì lọ sọ fún wọn. Kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ìgbà tí Akínbọ̀wálé dé, ọgbọ̀n èèyàn ló bá níbi tó fi ogún sílẹ̀ sí. Ọ̀gá mìíràn ìbá bínú pé wọn ò gbàṣẹ. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí Johnson awakọ̀ gbé bọ̀ láti Àkúrẹ́, nítorí kì í jókòó sórí àga tí ará ìlú bá ti jókòó sí, ó wá ní kí Adébáyọ̀ bi àwọn àgbà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé nínú máàkì mẹ́wàá, mélòó ni wọ́n máa fún ayé tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n dáhùn tọkàntọkàn. Wọ́n ní mẹ́jọ ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn tó há. Ó ti di méje báyìí. Adébáyọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ogún èèyàn lọ́nà mẹ́jọ, ọgọ́jọ. Ọgbọ̀n èèyàn lọ́nà méje, igba ó lé mẹ́wàá.

Akínbọ̀wálé dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin àgbà Oǹdó," ó ní, "lónìí, ní ojú èmi Lawrence Akínbọ̀wálé, ìdùnnú ìpínlẹ̀ yìí ti fi àádọ́ta ròkè. Kò sí adìyẹ kan tó yé ẹyin lé e. Kò sí ẹni tó ra búrẹ́dì kan lé e. Làákàyè ni mo fi ṣe é, làákàyè tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Kí ìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ohun gbogbo ń wọ́n, ọkùnrin kan dìde ní Àkúrẹ́, ó sì sọ ìdùnnú di ọ̀pọ̀."

Kò sí ẹni tó rán an létí pé Wúràọlá ló sún lórí ibùsùn. Adébáyọ̀ pàtẹ́wọ́ títí gègé ìkọ̀wé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Baba Bísọ́dún gbọ́wọ́ sókè. Ó ní láyé ìgbà tí òun ń yẹ kòkó wò, àwọn kan máa ń po kòkó tútù mọ́ èyí tó gbẹ dáadáa kí àpò lè wúwo, òun sì máa ń dá a padà fún wọn. Ó ní ìbéèrè kan ló kù tí òun ní.

"Igba ó lé mẹ́wàá yẹn, ọ̀gá, ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Méje ni èmi ní. Méje ni Ìyá Tíṣà ní. Mi ò rí ẹni tó ní igba nínú wa."

Akínbọ̀wálé wò ó bí ẹni tí àga ìjókòó bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba ló ní i.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá èèyàn. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó dé Ìgbàrà-Òkè, ó ń sọ̀rọ̀ Àròpọ̀ Ìdùnnú níbi gbogbo, ó sì ń ní kí wọ́n kó àwọn arúgbó wọn wá. Kí oṣù kẹrin tó pé, wọ́n ti di ọgọ́fà. Wọ́n ń fi ìgbà sùn: àwọn kan á sùn títí di aago méjìlá òru, wọ́n á dìde fún àwọn mìíràn, àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta á sùn lọ́sàn-án. Àsáró wọn ṣàn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń rí imú ara rẹ̀ nínú àwo. Àmọ̀kẹ́ ló ń fi òwú gé ẹyin kan sọ́nà mẹ́jọ lọ́jọ́ Sunday, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n, nítorí gbogbo ojú ló wà lára ẹyin náà. Adébáyọ̀ wá kọ orin ìyìn kan fún ọ̀gá, ẹsẹ mẹ́rin, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Àwọn tó ń wọlé yẹn, a kò tàn wọ́n jẹ. Ẹni tó ti ń sùn lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò, tí òjò ń fẹ́ sí lára, bí ó bá fún ayé rẹ̀ ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá, tó wá dé ibí tó di méjì, ó dúpẹ́. Màríámù mọ èyí, òun ni kò sì jẹ́ kó lè kọ̀wé tako ọ̀gá. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ojú àwọn tó wọlé kẹ́yìn á wá sí i lọ́kàn. Bó bá fẹ́ dákẹ́, á rí àwọn tó wọlé ṣáájú.

Àbí mélòó ni ọgọ́fà lọ́nà méjì? Òjìlénígba ni. Ìwé ìròyìn gbé e. Wọ́n ya fọ́tò Akínbọ̀wálé níbi tó ti ń gbé ṣíbí kan sí arúgbó kan lẹ́nu. Wọ́n gba ṣíbí náà padà lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán.

Nínú oṣù Keje, òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àmọ̀kẹ́ yọ̀ǹda ìgbà tirẹ̀ lórí ibùsùn fún obìnrin kan tó ń wúkọ́, òun fúnra rẹ̀ sì sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí omi ti ń ta sí i. Ikọ́ náà wá di tirẹ̀. Ó kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Wúràọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ fún un pé kó máa hanrun bó bá ṣe wù ú, pé òun kò ní ráhùn mọ́.

Akínbọ̀wálé dé lọ́jọ́ kejì. Adébáyọ̀ kà á sí i létí pé èèyàn kan ti dín, àròpọ̀ ti bọ́ sí òjìlénígba ó dín méjì. Ọ̀gá fọwọ́ ti àgbọ̀n, ó ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ẹni tó wà níwájú ní géètì wọlé. Bàbá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

"A ti padà sí òjìlénígba," ni Akínbọ̀wálé sọ fún Màríámù. "Ẹ nu ojú yín nù, mátírọ́nù. Kò sí ohun tó sọnù."

Màríámù kò nu ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ti dẹ́kun láti máa pè é ní ọ̀gá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà dé láti Èkó. Ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti wá wo àwọn ilé ìtọ́jú ní gbogbo ìpínlẹ̀, èyí tó bá gbayì jù, wọ́n á gbé alábòójútó rẹ̀ lọ sí ipò ńlá. Akínbọ̀wálé ti ń rẹ́rìn-ín títí tó fi dé ìlà tó kẹ́yìn. Ìlà náà sọ pé ìgbìmọ̀ kò ní wo àròpọ̀. Ìpíndọ́gba ni wọ́n máa wò: bí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe rí, tí a bá pín in kárí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì kéde pé láti òní lọ, ẹni tó bá sọ "àròpọ̀" ń sọ̀rọ̀ àtijọ́. Ó ní òun ti ń ṣiyèméjì sí èrò náà látilẹ̀wá. Ó ní ayé rere kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye orí, ọ̀rọ̀ iyì orí ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún ti àkọ́kọ́, àwọn kan nínú wọn kò mọ̀ pé ó yàtọ̀. Adébáyọ̀ sì wá ọ̀nà àbáyọ kó tó di ọ̀sán. Ó ṣàlàyé pé bí a bá yọ ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré kúrò, ìpíndọ́gba àwọn tó kù á gòkè fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé a fi ohunkóhun kún oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèyàn. Àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn ló fún ayé ní ọ̀kan. Àwọn ẹni méjì ló tẹ̀lé wọn. Méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó ọmọ tó ti kọ ọkọ, ẹni tó bá ṣáà jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ ìpíndọ́gba ní ìṣòro kan: bí ẹni ìsàlẹ̀ bá ti lọ, ẹlòmíràn á di ẹni ìsàlẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìgbìmọ̀ dé, méjìlélógójì ló ṣẹ́kù, àwọn tí kò ní ibì kankan. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Baba Ọládiípọ̀ ni, tó ti ṣe onígbàjámọ̀ rí, tó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá bí ẹnikẹ́ni bá ti jókòó tì í. Nígbà tó sọ mẹ́wàá náà, ṣòkòtò Adébáyọ̀ ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Akínbọ̀wálé wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá fi Baba Ọládiípọ̀ nìkan sílẹ̀, ìpíndọ́gba ilé náà á jẹ́ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó lè borí ìyẹn.

Nítorí náà, ní kùtùkùtù ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa dé, Johnson gbé bọ́ọ̀sì sẹ́nu géètì. Àṣẹ tí wọ́n fún un ni pé kó já àwọn mọ́kànlélógójì sí gáréèjì Àkúrẹ́, kí wọ́n lè wọkọ̀ lọ ibi tó bá wù wọ́n. Wúràọlá bi Adébáyọ̀ léèrè pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ òun. Adébáyọ̀ ṣí ìwé, ó ní mẹ́ta ló kọ. Wúràọlá ní ká ní ẹnìkan sọ fún òun pé ìdánwò àṣewọlé ni, òun ìbá kọ mẹ́sàn-án. Màríámù tó yẹ kó dúró de ìgbìmọ̀ bọ́ ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó bá wọn wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, Johnson ṣí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe agídí. Wọn ò mọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn máa kọjú sí ni. Johnson dúró títí, ó padà sí àga awakọ̀, ó bi Màríámù pé kí ni kí òun ṣe.

"Ẹni tó ní kí wọ́n máa lọ," ni Màríámù wí, "ó nílé, àbí kò nílé?"

Ilé ìjọba tí Akínbọ̀wálé ń gbé ní Àlàgbàká ní yàrá mẹ́jọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ọláyẹmí, nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ọláyẹmí wà ní kíṣìnì láti ìdájí, ó ń se oúnjẹ tí ìgbìmọ̀ máa wá jẹ tí wọ́n bá ti Oǹdó dé. Ó gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì, ó jáde, ó bá àwọn arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Màríámù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi Àròpọ̀ Ìdùnnú mu tíì àárọ̀, ìpíndọ́gba sì ti gba ipò rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta yìí. Kò mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà náà ní ojú, pé wọ́n ní ẹsẹ̀ tó wú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tí yàrá lè gbà. Nígbà tó dé mẹ́rìndínlógún, ó dáwọ́ ìṣirò dúró, ó lọ ṣí pálọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí, ó bọ́ ọ̀rá tó wà lára àwọn àga. Ó wá bu oúnjẹ fún wọn.

Ní Oǹdó, ìgbìmọ̀ ti dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló ṣáájú wọn. Akínbọ̀wálé pàdé wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ewé mọ́kànlá. Ó fi ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn hàn wọ́n, ó fi ibùsùn ogún hàn wọ́n, tí aṣọ funfun bò. Dókítà bi í pé àwọn èèyàn ńkọ́. Akínbọ̀wálé ní kí wọ́n máa bọ̀ lábẹ́ igi.

Baba Ọládiípọ̀ jókòó síbẹ̀ lóun nìkan, nínú aṣọ tuntun. Adébáyọ̀ ka ìpíndọ́gba sókè: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Akínbọ̀wálé wá ní kí bàbá fúnra rẹ̀ sọ bí ayé ṣe ń dùn tó.

Dókítà Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Ó bi í bóyá ara ń tu ú.

Baba Ọládiípọ̀ wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi," ó ní, "mo rò pé ẹ ti bá mi rí wọn ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí wọn."

Ó sì bú sẹ́kún, bí àgbà ṣe ń sunkún, láìsí ariwo. Adébáyọ̀ tó di bírò mú kò mọ ohun tó máa kọ. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, ìpíndọ́gba kan kò tíì wó lulẹ̀ yá bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí wọn ìbá pín ìbànújẹ́ náà mọ́.

Akínbọ̀wálé kò gbà pé ohun kan bàjẹ́. Ó sọ fún Dókítà pé ayọ̀ ló ń pa bàbá lẹ́kún, àwọn yòókù sì wà nísinmi. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ jẹun ní Àkúrẹ́. Dókítà ní ká lọ, ó di ọwọ́ Baba Ọládiípọ̀ mú, ó fi í sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, Akínbọ̀wálé ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ lórí oúnjẹ ṣe nínú ọkàn.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò, mọ́kànlélógójì ojú ló yí padà wò ó. Wọ́n wà lórí àga, wọ́n wà lórí ẹní, àwọn kan ń fi egungun adìyẹ tayín. Baba Ọládiípọ̀ gba abẹ́ apá Dókítà kọjá, ó jókòó sáàárín wọn, ẹ̀rín rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

Akínbọ̀wálé ní ẹbí òun ni wọ́n, pé wọ́n wá kí òun kú oríire.

Dókítà Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yíjú sí Wúràọlá tó sún mọ́ ọn jù. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ṣé ẹbí rẹ̀ ni yín?"

"Rárá o," ni Wúràọlá dáhùn. "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni mí. Gáréèjì ló ní kí wọ́n já wa sí."

Ìgbìmọ̀ kò jẹun. Kò tilẹ̀ sí oúnjẹ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ìròyìn aago méje àárọ̀, rédíò kéde pé ìjọba ti fẹ̀yìn Ọ̀gbẹ́ni L. Akínbọ̀wálé tì kíákíá, fún ire gbogbo ìlú. Wọn ò pe "Àgbà." Àwọn òṣìṣẹ́ tò sójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí ó ti mọ́ wọn lára, wọ́n wò títí, wọ́n wọlé. Adébáyọ̀ ti ń wádìí ohun tó dáa lára ọ̀gá tuntun.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn arúgbó fi wà ní Àlàgbàká kí ìjọba tó rí ọ̀rọ̀ wọn sọ. Akínbọ̀wálé wà láàárín wọn. Ọláyẹmí ń bu oúnjẹ fún un ní iye tó ń bù fún ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ̀ sì ń tò sẹ́nu ilé ìwẹ̀ bí gbogbo èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, tó di ike omi mú lẹ́yìn Baba Bísọ́dún, bàbá náà bojú wẹ̀yìn, ó bi í jẹ́jẹ́ pé mélòó ni lónìí. Akínbọ̀wálé wo inú ike omi rẹ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì padà wá gbé wọn lọ sí Oǹdó, lẹ́tà tó bá a wá sọ pé ibùsùn mẹ́rìndínlógójì ni ìjọba lè tọ́jú. Àwọn sì jẹ́ méjìlélógójì. (Àwọn méjìdínlọ́gọ́rin tí wọ́n ti kọ́kọ́ kó dànù, ẹnikẹ́ni kò béèrè wọn, lẹ́tà náà kò dárúkọ wọn.) Wọ́n jókòó sínú pálọ̀, wọ́n tún gbìmọ̀. Wúràọlá ní òun lè gba ẹnìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ibùsùn òun ti ṣófo jù. Àwọn méjì mìíràn sọ bẹ́ẹ̀. Ó ku mẹ́ta. Baba Bísọ́dún dìde, ó ní òun lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó máa dúró, nítorí lọ́jọ́ kan òun sọ̀rọ̀ nípa ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn òun. Ọláyẹmí wá ní kí àwọn mẹ́ta náà máa bá òun bọ̀. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ìjọba gba ilé wọn padà. Yàrá méjì ni wọ́n rí ní Ìsìkàn, Ọláyẹmí gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta, àwọn arúgbó mẹ́ta sùn ní yàrá kan, tọkọtaya sùn ní èkejì. Akínbọ̀wálé ló ń fa omi nínú kànga. Àwọn aládùúgbò ń bi í pé báwo ni ilé, á ní a dúpẹ́, ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Ó ti tó oṣù kẹta tí wọ́n dé ibẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè kan, nígbà tí obìnrin arúgbó kan wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò kékeré kan. Ó ti fi ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀sì wá láti Ìgbàrà-Òkè. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ilé kan wà níbí tí wọ́n ti ń gba àwọn àgbà. Ọláyẹmí gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Baba Bísọ́dún náà ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Akínbọ̀wálé wo obìnrin náà. Ó bojú wẹ̀yìn wo yàrá méjèèjì, ẹní mẹ́ta tó ti kún ilẹ̀, ìkòkò tó wà lórí iná. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ gbé àga kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e kalẹ̀ níwájú obìnrin náà.

"Ẹ jókòó ná, mà," ó ní.